Eré Tí Mo Sá Nítorí Kíndìnrín Kan

Ọjọ́rú, 4 Ẹrẹ́nà

Ẹ̀jẹ̀ èmi àti àbúrò mi, tí kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀, bára mu. Dókítà sọ ọ́ láìgbójú sókè, bí ẹni tó ń ka páálí ẹrù. Ti ìyàwó àbúrò mi kò bá a mu. Màmá ti dàgbà jù. Èmi nìkan ló kù tó lè fún un ní kíndìnrín kan.

Inú mi dùn títí mo fi gun ìwọ̀n.

Kílò méjìlélọ́gọ́rùn-ún, ẹ̀jẹ̀ mi sì ń ru. Ó ní wọn kì í la ẹni tó bá tóbi tó báyìí, nítorí ẹni tó bá fi ọ̀kan tọrẹ gbọ́dọ̀ lè fi ìkejì gbé ayé pẹ́. Àádọ́rùn-ún ni wọ́n fẹ́. "Ẹ dín oúnjẹ kù, Madam, kẹ́ ẹ máa ṣe eré ìdárayá déédéé. Tẹ́ ẹ bá ti débẹ̀, ẹ padà wá."

Mo ní ìyẹn kì í ṣe ọjọ́, kó dárúkọ ọjọ́. Ó ní ara èèyàn kì í fọwọ́ sí ìwé àdéhùn.

Mo yà sí yàrá tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ń sùn. Túùbù yọ lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gba inú rẹ̀ lọ sínú ẹ̀rọ, ó ń gba inú rẹ̀ bọ̀. Ọrùn ọmọ ìyá mi ti tín-ín-rín débi pé mo lè fi ọwọ́ kan ká a. Ọ̀rá tí mo fi ìjókòó ọ́fíìsì àti búrẹ́dì kó jọ sídìí ló wá dúró láàárín òun àti ẹ̀mí rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ títí nọ́ọ̀sì fi bi mí bóyá mo fẹ́ àga. Mi ò fẹ́ àga. Àga ló kó bá mi.

Ẹtì, 6 Ẹrẹ́nà

Mo ti ṣètò rẹ̀ bí mo ṣe ń ṣètò àwọn ọkọ̀ akẹ́rù wa: eré lójoojúmọ́ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, ìwọ̀n ní gbogbo Àìkú. Mo lẹ ètò náà mọ́ ara fíríìjì, kí ọwọ́ mi lè kàn án kó tó kan oúnjẹ.

Mo ra bàtà kánfáàsì. Nígbà tí ọlọ́jà pe owó rẹ̀, mo rò pé táyà ọkọ̀ ló ń tà. Mo ná an, ó rẹ́rìn-ín, ó ní bàtà tí dókítà bá ní kéèyàn rà kì í ní ẹ̀dínwó. Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé dókítà ni. Ó ní ẹni tó bá ń wá eré ìdárayá fúnra rẹ̀ kì í ba ojú jẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ajé, 9 Ẹrẹ́nà

Mo sáré dé orígun àdúgbò. Àyà mi ń lù kì-kì-kì. Mo rìn padà sílé, mo sì jẹ búrẹ́dì.

Ẹtì, 13 Ẹrẹ́nà

Òjò. Mi ò jáde. Mi ò jáde lánàá náà, òjò ò sì rọ̀ lánàá. Ká ní dírẹ́bà kan ló mú irú àwáwí yìí wá bá mi ní ilé ìkẹ́rùsí, mi ò bá ti lé e kó tó pa ẹnu dé. Ta ni yóò wá lé èmi?

Àbámẹ́ta, 14 Ẹrẹ́nà

Ojú àbúrò mi wú lónìí, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ẹ ti di eléré sísá. Ṣé òótọ́ ni àbí wọ́n ń purọ́ mọ́ yín?"

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ìyàwó mi ló rí yín lórígun àdúgbò. Ó ní ẹ di òpó iná mú bí ẹni tó pàdé ẹbí."

Ìyàwó rẹ̀ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tó ti wọlé wa ló ti ń pè mí ní Àǹtí Kíákíá. "Àǹtí Kíákíá, ẹ má bínú. Mo fẹ́ kí yín, mo rí i pé èémí ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ dáhùn."

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Mi ò sọ fún wọn pé láti Ọjọ́bọ̀ ni mi ò ti jáde. Àbúrò mi fẹ́ kí n fún òun ní ọwọ́ kí òun fi dìde jókòó, mo fún un, kò sì wúwo. Télọ̀ ni, apá rẹ̀ máa ń le bí irin nítorí pé ó máa ń gbé aṣọ títí. Lónìí mo fa apá náà, ó tẹ̀lé mi bí okùn.

Ìṣẹ́gun, 17 Ẹrẹ́nà

Mo háyà olùkọ́ eré ìdárayá kan tí wọ́n ń pè ní Kóòṣì. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù nígbà kan, kí orúnkún rẹ̀ tó yẹ̀. Ní báyìí, pápá ilé ìwé tó wà lẹ́yìn ibi iṣẹ́ wa ló ti ń kọ́ àwọn tí ara ń ni. Àga oníke kan àti fèrè kan ni gbogbo ọ́fíìsì rẹ̀.

Mo sọ fún un pé kílò méjìlá ni mo fẹ́ sọ nù, kó jẹ́ kó parí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo lè san ìlọ́po owó rẹ̀.

Ó wò mí. "Madam, ṣé ẹ̀wà lẹ fi ara yín pè ni, tẹ́ ẹ fi fẹ́ ká kó iná sí i?"

Mo sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ó bọ́ fìlà. Kò tún sọ̀rọ̀ ẹ̀wà mọ́, ṣùgbọ́n kò gbà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ní ẹyọ òfin kan ṣoṣo ni òun ní: kí n wọ bàtà lójoojúmọ́, kí n sì rìn dé ẹnu géètì pápá. Tí n bá ti débẹ̀ tó sì wù mí kí n padà sílé, kí n padà, òun ò ní bi mí.

Mo ní ìyẹn kì í ṣe ètò. Ó ní òun mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 26 Ẹrẹ́nà

Mo ti lo gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé òwò. Mo ṣèlérí ẹ̀bùn fún ara mi, mo jẹ ẹ̀bùn náà ṣáájú iṣẹ́. Mo wá bu ìtanràn lé ara mi: ọjọ́ tí n bá ti sùn gbàgbé, n ó ra ohun mímu fún gbogbo àwọn dírẹ́bà. Láti ìgbà náà ni àwọn aláìláàánú náà ti ń kí mi láràárọ̀ pé, "Ẹ kú oorun o, Máníjà." Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní àwọn ti ń gbàdúrà òjò fún mi.

Ẹnu géètì nìkan ló ṣiṣẹ́. Mo ń lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Mo débẹ̀, mo máa rí i pé ìtìjú ni kéèyàn ti rìn dé ibẹ̀ kó padà. Mo wọlé, mo sáré.

Àìkú, 29 Ẹrẹ́nà

Kílò mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo tún gùn ún, ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò yí padà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ balùwẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnura lọ́rùn, mo sì sunkún ayọ̀ díẹ̀ tó di ti ìbànújẹ́ kí n tó mọ̀. Kílò mẹ́ta péré, ẹ̀mí ẹnìkan sì ń dúró dè é.

Owó búrẹ́dì tún lọ sókè. Kò kàn mí mọ́.

Àbámẹ́ta, 4 Igbe

Síkẹ́ẹ̀tì mi ń yọ̀ ní ìbàdí. Mo lọ bá àbúrò mi, ó rí i kí n tó jókòó. Ojú télọ̀ kì í ṣàìsàn.

"Ẹ bọ́ ọ."

"Nínú wọ́ọ̀dù?"

"Ẹ ró aṣọ ìbora, ẹ bọ́ ọ. Ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọ ìyá télọ̀ máa wọ ohun tó ń já bọ́ ní gbangba?"

Ìyàwó rẹ̀ yọ abẹ́rẹ́ àti òwú nínú báàgì rẹ̀. Ó ní òun ti ń kó wọn kiri láti ọ̀sẹ̀ méjì nítorí ọkọ òun ti sọ pé ọjọ́ yìí ń bọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àbúrò mi fi ọwọ́ tí wọn ò so ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ rán síkẹ́ẹ̀tì mi wọlé fún mi, ìyàwó rẹ̀ ń di aṣọ mú fún un. Ìránṣọ rẹ̀ lọ́ra. Ó máa ń dúró, kó mí, kó tún tẹ̀ síwájú. Mo fẹ́ gba abẹ́rẹ́ náà kí n bá a parí ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀ lábẹ́ ibùsùn.

Àbúrò mi fi eyín gé òwú. "Òpin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ tún mú un wá. Ẹ ṣì máa tín sí i."

Mo ṣèlérí pé n ó mú un wá. Ìlérí tí mo ti ṣe fún àwọn oníbàárà láyé mi pọ̀. Kò sí èyí tó tíì bà mí lẹ́rù bí èyí.

Ọjọ́rú, 15 Igbe

Ìwọ̀n ti dúró gbọn-in sórí mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Mi ò sinmi ọjọ́ kan, mi ò jẹ ìjẹkújẹ. Lónìí mo jókòó sáàárín pápá, mo kọ̀ láti dìde. Kóòṣì fi orúnkún rẹ̀ tí kò dáa wọ́ wá, ó jókòó tì mí sórí koríko tútù.

"Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀," mo ní.

"Mo rí yín."

"Kí ló wá dé?"

"Ara ń rò ó. Ó ti rí i pé ẹ ń kó ẹrù òun tà. Ó ń di ìyókù mú."

"Àbúrò mi ò ní àkókò tí ara mi fi máa ro nǹkan, Kóòṣì."

Ó fi ọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n bá òun dìde, torí pé tí òun bá pẹ́ nílẹ̀ báyìí, eegun òun kì í gbọ́ràn mọ́. Mo fà á dìde. A rìn yípo kan. Mo mọ̀ pé ọgbọ́n ló dá. Mo ṣáà rìn.

Ìṣẹ́gun, 21 Igbe

Àbúrò mi bì lórí ẹ̀rọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ lójijì, nọ́ọ̀sì mẹ́ta sáré bò ó. Wọ́n lé wa jáde. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó di etí aṣọ mi mú.

"Àǹtí, mi ò fẹ́ kó yín láyà sókè."

"Sọ ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Òun ò ní sọ fún yín. Lóru, ó máa ń bi mí pé Ẹ̀gbọ́n òun ku kílò mélòó."

Kò pè mí ní Àǹtí Kíákíá lónìí.

Ajé, 4 Èbìbí

Mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Ẹ̀jẹ̀ mi ò ru mọ́. Dókítà wá gbà láti dárúkọ ọjọ́: Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù yìí, wọn yóò wọ̀n mí, wọn yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ mi wò. Ní Ẹtì tó tẹ̀lé e, ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn yóò jókòó lé ọ̀rọ̀ wa. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń jókòó. Tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún wa. Ẹ̀gbẹ́ òsì mi ni wọn yóò ti mú un.

Bí èmi àti ìyàwó àbúrò mi ṣe ń jáde, nọ́ọ̀sì ní, "Madam, tó bá ku ọjọ́ méjì sí àyẹ̀wò yín, ẹ sinmi. Ẹ má sáré. Ẹ máa mu omi dáadáa."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ ọ lóòótọ́. Èyí tí mo rò ni pé bí wọ́n ṣe máa ń sọ fún gbogbo èèyàn nìyẹn.

Àbámẹ́ta, 16 Èbìbí

Ìwọ̀n ò gbọ́: kílò méjìléláàádọ́rùn-ún. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù.

Òfin iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni pé tí ọjọ́ ìfijíṣẹ́ bá ti sún mọ́, tí ẹrù ò tíì pé, ẹ fi ọkọ̀ kún ọkọ̀. Mo ti fi òfin náà gba oníbàárà ńlá méjì padà. Mo wọ kóòtù òtútù lé aṣọ eré kí òógùn lè pọ̀, mo sáré láàárọ̀, mo tún sáré ní ìrọ̀lẹ́. Ẹnu nìkan ni mo fi omi ṣan.

Kóòṣì dúró sójú ọ̀nà mi. "Madam, ẹ lọ sílé."

"Ọjọ́ mẹ́ta péré, Kóòṣì."

"Mo ti rí agbábọ́ọ̀lù tó ṣe báyìí kó lè wọ ẹgbẹ́. Kò dáa fún inú. Ẹ lọ sílé."

Mo yà á sílẹ̀ mo kọjá. Ó fọn fèrè lẹ́yìn mi títí, mi ò wẹ̀yìn.

Ajé, 18 Èbìbí

Mo sáré lánàá. Mo sáré lónìí. Ìtọ̀ mi pọ́n bí tíì. Mo di irin mú kí n tó lè gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì.

Ṣùgbọ́n àádọ́rùn-ún ni. Géérégé. Mo pe ìyàwó àbúrò mi, ó pariwo lórí fóònù, mo gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń bèèrè lẹ́yìn pé kí ló dé, kí ló dé, tí ìyàwó sì sọ fún un. Àbúrò mi wá gba fóònù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun," ló sọ. Kò fi àwàdà kún un.

Ìṣẹ́gun, 19 Èbìbí

Mo yege lórí ìwọ̀n. Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gba ìtọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 21 Èbìbí

Dókítà pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ kó tó jókòó.

"Ìwọ̀n yín dáa. Ẹ̀jẹ̀ ríru yín ti lọ. Ìtọ̀ yín ni kò dáa. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ̀, èròjà ara tí kíndìnrín tó dáa kì í jẹ́ kó jò sì ń jò síbẹ̀. Madam, kí lẹ ṣe ní ọjọ́ tó ṣáájú?"

Mo sọ fún un. Kóòtù, eré ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, omi tí mi ò mu. Mo sọ ọ́ bí ìròyìn ibi iṣẹ́, láìyọ nǹkan kan sílẹ̀.

Ó fi ìka nu ojú. Ó ní bóyá kíndìnrín mi ò ní àrùn kankan, bóyá eré náà ló mú un jò, yóò lọ fúnra rẹ̀ tí mo bá sinmi. "Ṣùgbọ́n ọ̀la ni ìgbìmọ̀ ń jókòó. Mi ò lè gbé ìtọ̀ yìí síwájú wọn. Wọn yóò ní kíndìnrín yín ló ń ṣàìsàn."

"Ẹ tún un yẹ̀ wò lónìí."

"Kò tíì ní lọ lónìí."

"Kí wọ́n wá jókòó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Oṣù tó ń bọ̀ ni, Madam. Ọjọ́ kọkàndínlógún."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mi ò bẹ èèyàn rí láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo kúnlẹ̀ sí àárín ilé ọ́fíìsì rẹ̀ pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì tí àbúrò mi rán wọlé fún mi. Ó fa apá mi kí n dìde, ó ní òun ò lágbára lórí wọn. Mo rí i lójú rẹ̀ pé òótọ́ ni.

Ẹtì, 22 Èbìbí

Mo sọ fún wọn fúnra mi. Mi ò jẹ́ kí dókítà sọ ọ́.

Àbúrò mi wo àjà yàrá títí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní agbára nínú, títí ẹ̀rọ fi pariwo tí nọ́ọ̀sì fi wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ sáré kọjá ilé."

"Má rẹ́rìn-ín."

"Kí ni kí n ṣe? Ọdún wo ni mi ò mọ̀ yín? Nígbà tí mo wà ní kékeré, tẹ́ ẹ bá ń wẹ̀ mí, ọṣẹ ò tíì kúrò lójú mi tẹ́ ẹ fi máa ń wọ̀ mí láṣọ." Ó wá ọwọ́ mi, ó rí i. "Oṣù kan ni. Mo lè gbé oṣù kan."

Ìyàwó rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà.

"Àǹtí, wọ́n ní kẹ́ ẹ sinmi."

"Wọ́n sọ ọ́."

"Nọ́ọ̀sì sọ ọ́ lójú mi. Mo wà níbẹ̀."

Ó padà wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ì bá sàn kó gbá a.

Ọjọ́rú, 27 Èbìbí

Kóòṣì ò sọ pé òun ti sọ tẹ́lẹ̀. Ìrìn nìkan ló fún mi, ìrìn pẹ̀lẹ́, ìgò omi lọ́wọ́. Ó nira ju eré lọ. Àwọn ìyá arúgbó méjì tí ń rìn láàárọ̀ yà mí sílẹ̀, wọ́n kọjá, wọ́n kí mi kú ìsinmi. Gbogbo ara mi ń yún mi láti sáré. Mo di ìgò náà mú, mo sì ń rìn.

Àìkú, 31 Èbìbí

Wọ́n tún ìtọ̀ mi yẹ̀ wò lọ́jọ́ Ẹtì. Ó mọ́. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ rárá. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ló gbà.

Mo lọ sọ fún wọn. Àbúrò mi na àtàǹpàkò sókè. Ìyàwó rẹ̀ sọ pé, "Ẹ ṣé, Àǹtí," sí ọ̀nà fèrèsé. Ó ń ká aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 9 Òkúdù

Ibà mú un láti àná. Wọ́n ní àrùn ti gba ẹnu túùbù ọrùn wọ inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n fi òmíràn sí itan rẹ̀. Ó ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ ìbora mẹ́ta, ooru sì mú tó bẹ́ẹ̀ tí ògiri ń làágùn.

Ó bi mí bóyá mo rìn lónìí. Mo ní mo rìn. Mi ò rìn.

Ọjọ́bọ̀, 11 Òkúdù

Kò mọ̀ wá mọ́. Ó ń wá abẹ́rẹ́ nínú aṣọ ìbùsùn. Ìyàwó rẹ̀ ń sọ fún un pé òun ti rí i, kó sinmi, òun ti rí i.

Ẹtì, 12 Òkúdù

Àbúrò mi kú láàárọ̀.

Ajé, 15 Òkúdù

A ti sin ín. Mo ṣètò gbogbo rẹ̀: ọkọ̀, àga, ilẹ̀, omi fún àwọn èèyàn. Kò sí ohun tó pẹ́. Àwọn tó wá ń yìn mí. Mo ń lọ ka àga kí n má baà gbọ́ ọ.

Màmá ò jẹ́ kí n dìde nídìí wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ méjì ni mo bí." Wọ́n sọ ọ́ títí di ìrọ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ṣírò nǹkan tí kò bára mu. Mo jẹ́wọ́ fún wọn nípa eré mi. Wọ́n fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu.

Ìyàwó àbúrò mi ò bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 18 Òkúdù

Mo pe akọ̀wé ìgbìmọ̀ pé kó yọ orúkọ wa kúrò nínú ètò ìjókòó ọ̀la, kí wọ́n má baà fi àkókò wọn ṣòfò. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo sọ fún un. Ó ní ó dùn òun púpọ̀, pé òun ti ka ìwé wa, pé ohun gbogbo ti pé, ti wa lọ́la ì bá rọrùn jù.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì fi orí lé tábìlì ọ́fíìsì. Dírẹ́bà tó dàgbà jù wọlé láti wá gba ìwé ẹrù. Ó rí mi, ó jáde, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé.

Ọjọ́rú, 24 Òkúdù

Mi ò tíì wọ bàtà láti ìgbà náà. Kí ni mo fẹ́ sáré fún? Mo gun ìwọ̀n lónìí, kò yí padà, ara mi ò tíì gbọ́ ìròyìn. Ìgbà tí mo bá ń wẹ̀, ọwọ́ mi á kan ẹ̀gbẹ́ mi, n ó sì rántí pé méjèèjì ṣì wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó yẹ kó ní méjì nínú wa.

Mo jẹ búrẹ́dì. Kò dùn.

Ẹtì, 26 Òkúdù

Òjò ti dá kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo wọ bàtà. Mi ò mọ ìdí, mi ò sì wá a. Mo rìn dé ẹnu géètì.

Ìyàwó àbúrò mi wà níbẹ̀. Ó wọ bàtà pẹlẹbẹ tó máa ń wọ̀ lọ sí wọ́ọ̀dù, aṣọ dúdú, ó fara ti irin géètì. Ojú rẹ̀ wú. Kóòṣì jókòó lọ́ọ̀ọ́kán lórí àga rẹ̀, ó ń wo ibòmíràn.

"Láti Ìṣẹ́gun ni mo ti ń wá," ó ní. "Ẹ ò wá."

"Mi ò lè wá."

"Mi ò tíì lè dárí jì yín, Àǹtí. Ẹ má rò pé nítorí ẹ̀ ni mo ṣe wá. Tí mo bá rí yín, inú máa ń bí mi. Tí mi ò bá sì rí yín, kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ̀ ọ́n."

Mo ní mo gbọ́.

Ó sún mọ́ mi. "Apá ibo ni wọ́n fẹ́ ti mú un?"

Mo gbé apá òsì mi sókè díẹ̀. Ó tẹ́ ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ mi, lórí aṣọ eré, ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń wá nǹkan. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Mo dúró. Àwọn ìyá arúgbó méjì yẹn kọjá lára wa, wọn ò kí wa. Ó fi ọwọ́ náà síbẹ̀ títí ó fi gbóná.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ó ní.

Pẹ̀lẹ́ ló ń rìn, ó sì máa ń dúró láti nu ojú. Mo rìn bó ṣe ń rìn. Tó bá dúró, èmi náà á dúró. A ò sọ̀rọ̀. Nígbà tí a fi máa yí pápá náà ká lẹ́ẹ̀kan, oòrùn ti yọ, iṣẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ láìsí èmi ní ilé ìkẹ́rùsí.